Ẹ́ńsáìmù G6PD oní-ìrù ní Kétu: bí a ṣe ń gbà á, bí a ṣe ń pín in, àti bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè

Ìgò náà kò ga ju orí àtàǹpàkò lọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ́ńsáìmù G6PD, 100 µl péré (ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà), kò ju ẹ̀kán omi méjì lọ, owó tí a sì san lé e lè ra ewúrẹ́ mélòó kan lọ́jà Kétu. Àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, èmi fúnra mi ni mo pa á. Mo ṣí i, mo fa díẹ̀, mo dá a padà sínú fírísà. Lọ́jọ́ kejì mo tún yọ ọ́, ó yọ́, mo fa díẹ̀, mo dá a padà. Ìgbà mẹ́fà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìlà tó yẹ kó máa gòkè lójú ẹ̀rọ sùn gbalaja bí ẹni tó mu ẹmu yó. Mo gbé ìgò náà sójú ìmọ́lẹ̀: ó mọ́ gaara bí ọjọ́ tó dé.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà. Ẹran tó bá bàjẹ́ á rùn, wàrà tó bá bàjẹ́ á kan. Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn pùrótéènì tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yára, kì í rùn, kì í yí àwọ̀. Ó kàn ń kú ni, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, nǹkan méjì ni mo fẹ́ fi hàn yín níhìn-ín: bí ẹ kò ṣe ní pa á, àti bí ẹ ṣe máa mọ̀ bó bá ti kú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí kékeré bíi tiwa ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ní Kétu, ní Sábẹ, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tí nitrogen olómi kò sí, tí oṣù Ẹrẹ́nà sì ń gbóná bí ìdí ààrò.

Ohun tó wà nínú ìgò

G6PD ni gbogbo ènìyàn ń pe glucose-6-phosphate dehydrogenase. Gbogbo ẹ̀yà ara ló ní in, ṣùgbọ́n inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni òkìkí rẹ̀ pọ̀ sí, torí òun ló ń pèsè NADPH, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì náà fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó, oògùn ibà bíi primaquine lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1956 ni àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àìtó ẹ́ńsáìmù yìí ló ń fà á. Ó lé ní 400 mílíọ̀nù ènìyàn lágbàáyé tí tiwọn kò tó, ilẹ̀ tí ibà ti ń jà bíi tiwa ló sì wọ́pọ̀ sí jù. Orí chromosome X ni jíìnì rẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tó fi ń hàn lára ọkùnrin ju obìnrin lọ.

“Ti ènìyàn” tí wọ́n kọ sára ìgò kò túmọ̀ sí pé wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Jíìnì ènìyàn ni wọ́n gbìn sínú bakitéríà, E. coli lọ́pọ̀ ìgbà, tí bakitéríà wá ń hun pùrótéènì náà bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Amino acid 515, àwọn ẹyọ tí a fi ń hun pùrótéènì, ló so kọ́ra di okùn kan, ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 59 kDa (kilodalton, òṣùwọ̀n ìwúwo pùrótéènì). Okùn kan ṣoṣo kò lè ṣe nǹkan kan: méjì tàbí mẹ́rin gbọ́dọ̀ so mọ́ra kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí èyí, torí ooru, ìfófó àti òtútù tí kò dúró sójú kan, tí mo máa mẹ́nu bà láìpẹ́, títú ìsopọ̀ yìí ká ni gbogbo wọn ń ṣe.

Ìrù wá ńkọ́? Histidine mẹ́fà, oríṣi amino acid kan, tó tò tẹ̀lé ara wọn ni, níbẹ̀rẹ̀ tàbí nípẹ̀kun okùn náà. Histidine a máa dì mọ́ nickel. Wọ́n á fọ́ bakitéríà, wọ́n á da omi rẹ̀ kọjá lórí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ní nickel lára. G6PD á fi ìrù rọ̀ mọ́ ọn, ìyókù á ṣàn lọ. Wọ́n á wá da imidazole, kẹ́míkà tó ń gba ipò ìrù lára nickel, lé e, G6PD á sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ó dà bí ewúrẹ́ kan láàárín agbo tó ní okùn lọ́rùn: okùn yẹn lẹ máa dì mú. Nínú ìgò tó wọ́pọ̀ jù, ìrù náà àti amino acid mélòó kan tó bá a rìn á mú ìwúwo pùrótéènì dé nǹkan bíi 61 kDa. Ẹ má bẹ̀rù bó bá ga díẹ̀ ju ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ sọ.

Wọ́n tún kọ “fún ìwádìí nìkan” sára rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kò pẹ́ tí tiwa dé ni nọ́ọ̀sì kan gbé ọmọ wá: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ní G6PD níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ti ọmọ yìí kí wọ́n tó fún un lóògùn.” Mo ní, “Àbúrò mi, èyí tó wà lọ́wọ́ wa, G6PD fúnra rẹ̀ ni, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń wá a nínú ẹ̀jẹ̀. Gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ní àyẹ̀wò rẹ̀.” Bí wọ́n bá bẹ̀ yín, ohun tí ẹ máa sọ nìyẹn. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé e dé ìdí aláìsàn.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi ìwé ẹ̀rí nọ́ḿbà lot náà (nọ́ḿbà àwọn ìgò tí wọ́n ṣe pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) ránṣẹ́ ná, kì í ṣe ti ọjà náà lápapọ̀. Ohun mẹ́rin ni mo máa ń wá níbẹ̀. Mílígíráàmù mélòó ló wà nínú mílílítà kan? Bọ́fà wo, ìyẹn omi tó ń mú pH dúró sójú kan, ló wà nínú ìgò, ṣé glycerol wà níbẹ̀, ìdá mélòó? Ibo ni ìrù wà? Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù: ṣé wọ́n wọn agbára iṣẹ́ rẹ̀, ní ìwọ̀n ooru mélòó àti pH mélòó? Àwọn kan ń tà á gẹ́gẹ́ bí pùrótéènì lásán, “mímọ́ ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ”, láìsọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mímọ́ kọ́ ni alààyè. Bí wọn kò bá kọ unit, òṣùwọ̀n iṣẹ́ tí ẹ́ńsáìmù ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan, sílẹ̀, ẹ má rà á fún iṣẹ́ tó fẹ́ ẹ́ńsáìmù tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ tún ní kí wọ́n kọ lẹ́tà kékeré kan ní èdè Faransé pé kò lè kó àrùn ran ẹnikẹ́ni, pé kì í ṣe oògùn, pé ìwádìí nìkan ni. Aṣọ́bodè tó rí ìgò kékeré nínú èéfín funfun máa ń ní ìbéèrè púpọ̀, ìbéèrè sì ń jẹ wákàtí.

Ọjọ́ wo ni kí wọ́n fi ránṣẹ́? Ọjọ́ Ajé. Èyí tó bá gúnlẹ̀ sí Kútọnu ní ọ̀sán Ẹtì, ilé ìkẹ́rù ni yóò ti ṣe Àbámẹ́ta àti Àìkú.

Ojú ọ̀nà

Láti Kútọnu dé Àjàṣẹ́ kò jìnnà, ó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n kìlómítà, àmọ́ láti ibẹ̀ gba Sákétè àti Ìpòbẹ́ dé Kétu, ọjọ́ á ti lọ. Ẹ má fi rán táásì lásán. Ẹ lọ pàdé rẹ̀, tàbí kí ẹ rán ẹni tó mọ ohun tó gbé dání.

Bí yìnyín gbígbẹ bá ṣì wà nínú páálí, ìyẹn àwọn òkúta funfun tó ń rú èéfín, ẹ má ṣí i. Òtútù rẹ̀ jẹ́ 78 sísàlẹ̀ òdo, ó sì dára ju ohunkóhun tí ẹ máa rí lọ́nà. Àmọ́ ẹ ṣí fèrèsé ọkọ̀ sílẹ̀, torí carbon dioxide ni èéfín yẹn, ó sì lè lé atẹ́gùn kúrò nínú ọkọ̀ tí a tì pa.

Bó bá ti tán, èyí ni ohun tí mo máa ń ṣe. Mo ń gbé kúlà tó nípọn lọ, mo ń ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, mo ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo sì ń po iyọ̀ mọ́ ọn: yìnyín kìlò mẹ́ta, iyọ̀ kìlò kan. Iyọ̀ lásán tí a ń rà lọ́jà ni. Bí ẹ bá ti tẹmómítà bọ̀ ọ́, ẹ máa rí i tó ń lọ sílẹ̀ kọjá òdo, á dé nǹkan bíi 15 sí 20 sísàlẹ̀ òdo bí yìnyín bá wẹ́ dáadáa. Ẹ fi ọ̀rá méjì we ìgò kí omi iyọ̀ má bàa wọ̀ ọ́. Ọmọdébìnrin tó ta yìnyín fún mi nígbà kan bi mí bóyá ẹja ni mo fẹ́ fi í sí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹja olówó iyebíye.

Bó bá ti yọ́ kí ó tó dé ọwọ́ yín, tó ṣì tutù, kò tíì kú. Ẹ fi sórí yìnyín lásán, láìsí iyọ̀, kí ẹ sì pín in lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ sọ ọ́ padà sínú fírísà bẹ́ẹ̀, kí ẹ tún yọ́ ọ lọ́la láti pín in.

Fírísà tó ń purọ́

Fírísà tuntun tó wà lọ́jà, tí wọ́n ń polówó pé kì í ṣe yìnyín sára, kò dára fún ẹ́ńsáìmù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbóná díẹ̀ látìgbàdégbà láti yọ́ yìnyín ara rẹ̀ kúrò. Ẹran kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ́ńsáìmù á mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń ṣe yìnyín, tí ẹ máa ń họ ògiri rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ló dára. Ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn, ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn.

Ẹ rọ omi sínú ife kékeré, ẹ jẹ́ kó dì, ẹ gbé owó ẹyọ 25 sẹ́fà lé orí rẹ̀, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńsáìmù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ wo owó náà. Bó bá ṣì wà lókè, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá ti rì sísàlẹ̀, iná lọ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín yọ́ tó sì tún dì, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni ìbáà sọ. Ife yìí ti gbà mí lọ́wọ́ ìdánwò òfo ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ.

Bí ẹ bá ní fírísà 80 sísàlẹ̀ òdo, ẹ gbé e síbẹ̀, ó ti tán. Bó bá jẹ́ 20 sísàlẹ̀ òdo nìkan lẹ ní, ẹ nílò glycerol, kí omi rẹ̀ má bàa dì rárá. Tí glycerol bá dé ìdajì, á ki bí oyin, kò sì ní di yìnyín ní 20 sísàlẹ̀ òdo. Ọ̀pọ̀ ìgò máa ń dé pẹ̀lú ìdá 10 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí kò tó, ẹ ní láti fi kún un. Glycerol kì í gbọ́ràn sí pípẹ́ẹ̀tì lẹ́nu, ó máa ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀. Ẹ gé ẹnu tip, ìyẹn ike ṣóńṣó tó wà lẹ́nu pípẹ́ẹ̀tì, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Tàbí kí ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n: 100 µl rẹ̀ jẹ́ 126 mg. Ìyẹn ni mo fọkàn tán jù.

Ọjọ́ pípín

Ẹ to túùbù kéékèèké 20 sílẹ̀ lórí yìnyín kí ẹ tó yọ ìgò. Ẹ ti kọ nǹkan sí wọn lára pẹ̀lú bírò tí omi kò lè fọ̀: G6PD, nọ́ḿbà lot, ọjọ́, nọ́ḿbà láti 1 dé 20. Ẹ má sọ pé ẹ máa kọ ọ́ tó bá yá. Túùbù tó ti dì kì í gba bírò.

Ẹ yọ́ ìgò lórí yìnyín fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ọwọ́ mú un kó yára. Lẹ́yìn náà ẹ yí i nínú ẹ̀rọ centrifuge fún ìṣẹ́jú àáyá 30, torí ìdajì owó yín lè wà lábẹ́ ìdérí. Bí iná kò bá sí, ẹ dì í mú, kí ẹ jù ú wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí àwọn nọ́ọ̀sì àtijọ́ ṣe ń ju tẹmómítà kó lè padà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tó. Ẹ má gbọ̀n ọ́n bí òògùn ikọ́! Bó bá hó ìfófó, níbi tí omi ti ń pàdé afẹ́fẹ́ lára ìfófó yẹn ni pùrótéènì ti ń tú ká. Láti pò ó, ẹ fi ìka ta ìdí ìgò díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wá fa 5 µl sínú túùbù kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé, 100 µl tí a kò fi glycerol kún á fún yín ní 20. Ọwọ́ máa ń fún èmi ní 18 tàbí 19, torí ṣìnṣìn kan máa ń ṣẹ́kù sára tip. Ìwọ̀n yìí ni mo yàn nítorí pé túùbù kan tó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ìyẹn ni ọgbọ́n rẹ̀: ẹ yọ́ túùbù kan, ẹ lò ó, ohun tó bá kù ẹ dà á nù. Ó máa ń dun ọmọ ilé tí kì í fi nǹkan ṣòfò, àmọ́ èyí tí ẹ bá dá padà ni yóò gba gbogbo àbájáde yín jẹ́.

Níbi tí nitrogen olómi kò sí, ẹ gbé irin aluminium tó ní ihò sínú fírísà láti àná, kó tutù dáadáa, ẹ wá fi túùbù sínú rẹ̀. Irin ń fa ooru kúrò kíákíá ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá sì ṣe yára dì tó ni yóò ṣe sàn fún un tó.

Bí tiyín bá jẹ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n gbẹ, ẹ yí i kí ìyẹ̀fun lè sọ̀ kalẹ̀, ẹ da omi tí ìwé sọ sí i, ẹ fi sílẹ̀ lórí yìnyín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfọwọ́kàn án. Ìyókù, bákan náà ni. Omi ńkọ́? Omi abẹ́rẹ́ tó wà nínú ampoule ní ilé oògùn dára ju omi bátìrì lọ. Ẹ jẹ́ kí ti bátìrì wà fún bátìrì.

Ìdánwò: ṣé ó wà láàyè?

G6PD máa ń gba hydrogen lára glucose-6-phosphate, á sì gbé e fún NADP+, tí yóò di NADPH. NADPH a máa gbé ìmọ́lẹ̀ 340 nm mì, NADP+ kì í gbé e mì. Nítorí náà, bí ẹ́ńsáìmù bá ń ṣiṣẹ́, nọ́ḿbà lójú spectrophotometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí omi gbé mì, á máa gòkè. Cuvette oníke lásán, ìyẹn ìgò kékeré tí a ń fi sínú ẹ̀rọ náà, tó fún 340 nm. Kò nílò quartz.

Nínú cuvette 1 ml, ohun tí mo máa ń dà pọ̀ nìyí: Tris-HCl 1 M tó wà ní pH 8.0, 100 µl. MgCl2 1 M, 10 µl. NADP+ 10 mM, 20 µl. Omi, 760 µl. Ẹ́ńsáìmù tí a ti fi bọ́fà là kó má ki mọ́, 10 µl. Ẹ jẹ́ kó dúró ìṣẹ́jú méjì, ẹ wo ìlà, ó gbọ́dọ̀ sùn. Ẹ wá da glucose-6-phosphate 10 mM sí i, 100 µl, ẹ dojú cuvette dé pẹ̀lú parafilm lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ máa ka nọ́ḿbà fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Lílà ẹ́ńsáìmù ni ibi tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń ti ṣìnà. Túùbù 5 µl yẹn, ẹ da 245 µl bọ́fà sí i, ó di ìlọ́po 50. Ṣùgbọ́n bọ́fà lásán kò tó. Pùrótéènì tó bá ti fọ́nká tó bẹ́ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike, ìdajì rẹ̀ lè sọnù láàárín wákàtí kan. Ẹ fi BSA (pùrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) 1 mg/ml sínú bọ́fà lílà náà kí òun gba ara ike, àti NADP+ 10 µM, torí G6PD ènìyàn máa ń di NADP+ kan mú sínú ara rẹ̀ kí ìsopọ̀ rẹ̀ má tú.

Ìṣirò wá rọrùn. Ká ní nọ́ḿbà ń gòkè ní 0.124 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ pín in sí 6.22, tí í ṣe agbára NADPH láti gbé ìmọ́lẹ̀ mì fún mM kan nínú cuvette 1 cm: ó di 0.02 µmol ní ìṣẹ́jú kan nínú 1 ml yẹn, ìyẹn 0.02 unit. Inú 10 µl ló ti wá, nítorí náà omi tí a là ní 2 unit nínú mílílítà. Ìlọ́po 50: 100 unit. Bí ohun tó wà nínú túùbù bá jẹ́ 1 mg/ml, 100 unit fún mílígíráàmù nìyẹn. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀rí. Bí nọ́ḿbà bá ń fò ju 0.2 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un là sí i. Ìlà tó ń tẹ̀ kọ̀rọ̀ kò ṣeé ṣírò.

Ẹ̀tàn kan wà níbí tó jẹ́ tiwa gan-an. Ká ní àwọn tó ń tà á wọn ẹ́ńsáìmù náà ní 25 °C ní ìlú wọn. Yàrá yín ní Ẹrẹ́nà lè jẹ́ 33. Ooru ń sáré ẹ́ńsáìmù, bí ìwọ̀n 10 bá fi gòkè, iṣẹ́ rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Nítorí náà ẹ́ńsáìmù tó ti kú díẹ̀ lè fún yín ní nọ́ḿbà tó dára, ẹ ó sì rò pé ara rẹ̀ le. Ẹ gbé cuvette sínú abọ́ omi tí ẹ ń fi tẹmómítà ṣọ́, kí ẹ sì máa kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ lójoojúmọ́. Tris náà ń yí padà: pH rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ nǹkan bíi 0.03 fún ìwọ̀n ooru kan. Èyí tí ẹ ṣe sí 8.0 ní 25 °C máa ń di nǹkan bíi 7.7 ní 37 °C. Ẹ ṣe é ní ìwọ̀n ooru tí ẹ máa lò ó.

Nígbà tí ìlà bá sùn

Ẹ má tètè sọ pé ìgò ti kú. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí kò gbówó lórí. Ṣé 340 nm gan-an ni ẹ̀rọ wà? Ṣé NADP+ ni ẹ fi sí i, àbí NAD+? Ọ̀rọ̀ yìí ti gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi rí: ìlànà tí mo tẹ̀ lé wà fún G6PD bakitéríà Leuconostoc, èyí tó lè lo méjèèjì, ti ènìyàn, NADP+ nìkan ló mọ̀ dáadáa. Ṣé NADP+ yín ti pẹ́ nínú omi tó ní pH gíga? Ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́. Ẹ yọ túùbù ẹ́ńsáìmù mìíràn láti fírísà. Bí òun náà bá sùn, tí owó ẹyọ sì ti rì nínú ife, ẹ ti mọ ìdáhùn.

Àwọn kan á ní kí ẹ gbé e sórí gel, èyí tó ń to pùrótéènì bí ìwúwo wọn ṣe rí. Ẹ lè gbé e. Ìlà kan á hàn ní nǹkan bíi 61 kDa. Ṣùgbọ́n òkú àti alààyè, ìlà kan náà ni wọ́n ń fà lórí gel.

Ewé àti ẹ́ńsáìmù

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló fẹ́ wo bí omi ewé ibà kan ṣe ń bá G6PD jà, dóńgóyárò tàbí èyí tí ìyá àgbà wọn ń sè. Ìbéèrè tó dára ni. Àmọ́ àbájáde rẹ̀ ló máa ń tàn wọ́n jẹ jù.

Èkíní, omi ewé ní àwọ̀, àwọ̀ yẹn sì ń gbé 340 nm mì. Ẹ gbọ́dọ̀ ní cuvette kan tó ní omi ewé àti ohun gbogbo yàtọ̀ sí glucose-6-phosphate, kí ẹ yọ tirẹ̀ kúrò. Èkejì burú jù. Tannin tó wà nínú ewé àti èèpo igi, ohun tó ń fa ẹnu pọ̀ bí a bá jẹ obì, ohun kan náà tí àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń pa awọ, máa ń mú pùrótéènì èyíkéyìí so papọ̀ kó sì dì. Ó máa pa G6PD. Ó máa pa ohunkóhun tí ẹ bá fi síbẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á wá kọ ọ́ pé ewé náà “ń dí G6PD lọ́wọ́”, bí ẹni pé ewé náà mọ̀ ọ́n lójú.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ òtítọ́, ẹ tún ìdánwò náà ṣe pẹ̀lú BSA tó pọ̀ sí i, 1 mg/ml nínú cuvette, tàbí pẹ̀lú Triton X-100, oríṣi ọṣẹ kan, ìdá 0.01 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìdíwọ́ náà bá pòórá, tannin ni, kì í ṣe oògùn. Ẹ tún lè lo ìrù níhìn-ín. Ẹ fi G6PD rọ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ nickel, ẹ da omi ewé lé e, ẹ fi bọ́fà fọ̀ ọ́ kúrò lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá wọn iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù lórí ìlẹ̀kẹ̀ náà. Bí iṣẹ́ bá padà, ohun tó di ẹ́ńsáìmù mú ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí kò bá padà, ó ti bà á jẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún EDTA, kẹ́míkà tó ń di irin mú, nínú bọ́fà yín, ó máa ń jí nickel kó kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀. DTT, kẹ́míkà mìíràn tí wọ́n máa ń fi sínú bọ́fà, bó bá pọ̀ náà á sọ ìlẹ̀kẹ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀.

Túùbù tó kẹ́yìn

Nígbà tó bá ku túùbù mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún ìgò mìíràn, torí ọ̀sẹ̀ lè kọjá kó tó dé. Ẹ má lo èyí tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí ìgò tuntun bá dé, tí ẹ bá ti pín in tán, ẹ yọ túùbù àtijọ́ yẹn àti ọ̀kan nínú tuntun, ẹ wọ̀n wọ́n lọ́jọ́ kan náà, pẹ̀lú bọ́fà kan náà, nínú abọ́ omi kan náà, ẹ kọ nọ́ḿbà méjèèjì sínú ìwé lábẹ́ nọ́ḿbà lot wọn.